Ẹ tọ́jú owó sípíríìǹgì yín ná

Ọdún méjì gbáko ni mo fi náwó síbi tí kò yẹ. Honda Civic 1998 ni mọ́tò mi, táyà iwájú ló ń fà á. Pápá kọ́ńkéré gbalasa kan wà létí Ìjẹ̀bú-Òde tí ẹni tó ni ín yọ̀ǹda fún wa. Ibẹ̀ la ti ń to kóònù lọ́jọ́ Àìkú, tí a ń gba àárín wọn sáré lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìgbà tí mo bá yí sítíárìn, imú mọ́tò á ṣáà máa lọ tààrà bí ewúrẹ́ tó kọ okùn. Mo ra sípíríìǹgì líle, pàbó ló já sí. Mo ra ṣọ́kì, ó tún burú sí i.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe ẹsẹ̀ mọ́tò ní Ṣágámù ló yọ mí. Kò tiẹ̀ wo sípíríìǹgì tí mo rà. Ó fi jáàkì gbé mọ́tò sókè, ó di táyà iwájú mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì ín. Ó ń dún kọ̀ kọ̀ kọ̀.

"Àbúrò, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì rẹ ti kú, búṣì ti jẹ tán. Ẹsẹ̀ tó ń mì báyìí, kí lo fẹ́ tò lé e lórí?"

Mo pààrọ̀ wọn. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mọ́tò náà lọ síbi tí mo darí ẹ̀ sí.

Táyà ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ ra géèjì tiyín tí ẹ ó fi máa wọn atẹ́gùn táyà. Mo ti rí i tí géèjì fọkanáísà fi psi 4 yàtọ̀ sí tèmi. Ẹ fi ẹfun fa ìlà láti ojú táyà sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sáré ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ wò ó. Ọ̀pọ̀ táyà ní àmì onígun mẹ́ta kékeré létí: ibẹ̀ ló yẹ kí ẹfun pa rẹ́ dé. Bó bá kọjá ibẹ̀, atẹ́gùn kéré. Bí kò bá dé ibẹ̀, atẹ́gùn pọ̀ jù. Ẹ rántí pé bí ooru táyà bá fi ìwọ̀n Celsius 5 tàbí 6 lé sí i, atẹ́gùn inú rẹ̀ á fi nǹkan bí psi 1 lé. Nítorí náà, ohun tí ẹ wọ̀n nínú ọyẹ́ òwúrọ̀ kọ́ ni ẹ máa bá lọ́sàn-án.

Ojúde Ọba ni mo fi ń ṣàlàyé camber, ìyẹn bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú tàbí síta, fáwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹlẹ́ṣin bá ń sáré yí kọ́nà, inú ló ń tẹ̀ sí. Orí táyà iwájú náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ sínú, torí bí ara mọ́tò bá fì síta, táyà ọwọ́ ìta ló ń ru ẹrù, etí rẹ̀ nìkan ni yóò sì fi dúró bó bá tọ́ gbọọrọ tẹ́lẹ̀. Civic yìí kò ní ibi tí a ti ń yí camber, ni mo ṣe ra apá òkè (irin tó di òkè ẹsẹ̀ táyà mú) tó ṣeé yí. Dìgírì 2 àti ààbọ̀ ni mo wà báyìí. Owó yẹn kò dùn mí rárá.

Ọ̀pá sítébíláísà ẹ̀yìn (ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì) tó le ló parí iṣẹ́. Táyà méjì tó pín ẹrù dọ́gba ń di ilẹ̀ mú ju kí ọ̀kan ru àrùjù kí èkejì fúyẹ́. Ọ̀pá líle yìí ń kó àìdọ́gba náà sẹ́yìn, iwájú á wá rí ilẹ̀ dì mú. Táyà ẹ̀yìn ọwọ́ inú lè gbéra nílẹ̀ pátápátá. Ẹ má fòyà. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbéra, kí ẹ tún mú ọ̀pá náà le sí i kò ní ṣe nǹkan kan mọ́.

Ohun tó dùn láàárín kóònù lè pa yín níbi eré gígùn, níbi tí mọ́tò ti ń sá eré púpọ̀. Mo gbé irú ìtò yẹn lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí throttle (ibi tí a ń tẹ̀ kí mọ́tò sáré) lójijì ní kọ́nà tó yá, ẹrù ya síwájú, ìdí mọ́tò fúyẹ́, mo sì rí ara mi tí mo kọjú síbi tí mo ti ń bọ̀. Àyà mi já. Láti ọjọ́ náà, ojú ìwé méjì ló wà nínú ìwé mi, ohun kan ṣoṣo ni mo sì ń yí lẹ́ẹ̀kan.

Kóònù: atẹ́gùn iwájú psi 34, ẹ̀yìn psi 38, ọ̀pá sítébíláísà ní ihò kejì tó le, imú táyà ẹ̀yìn kọjú síta díẹ̀.

Eré gígùn: ọ̀pá ihò àkọ́kọ́ tó rọ̀, imú táyà ẹ̀yìn kọjú sínú díẹ̀, kí n wọn atẹ́gùn nígbà tí táyà ṣì gbóná.