Abẹ́rẹ́ wọ̀ mí lẹ́sẹ̀, mi ò mọ̀

Ọmọ-iṣẹ́ mi kan ló ké pé, "Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ ń bẹ ní sálúbàtà yín!" Mo bojú wolẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti gún bàtà já, ó ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ yẹn náà ni mo sì ti fi ń tẹ máṣíìnì láti àárọ̀. Kò dùn mí rárá. Àìdùn yẹn gan-an ló já mi láyà.

Ọdún kẹfà rèé tí èmi àti ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn tó lè mú kí ẹsẹ̀ má mọ ìrora mọ́, ti jọ ń yí i. N'Íbàdàn níbí ni mo ti ń ránṣọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó fẹnu kan nǹkan kan, wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wò: 290 mg/dL. Bẹ́ẹ̀, láti 126 ni wọ́n ti ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà. Dókítà bi mí bóyá mò ń lo metformin, oògùn ṣúgà mi. Mo ní mò ń lò ó. Irọ́ kọ́. Ohun tí mi ò sọ ni pé tí ilé bá ti sùn tán, màá jókòó sí kíṣìnì nínú òkùnkùn, màá fi ẹlẹ́rìndòdò tútù ìgò méjì ti búrẹ́dì. Ebi kọ́ ló ń pa mí.

Òde ìgbéyàwó kan ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan fa abọ́ ìrẹsì kúrò níwájú mi, ó ní, "Ẹ má pa á o, oníṣúgà ni!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Látọjọ́ náà, mi ò lọ òde mọ́, mi ò lọ ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́. Tí mo bá ti kúrò nídìí máṣíìnì, ilé ni. Oorun kì í sì í kùn mí títí aago méjì òru.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń wẹ egbò mi ló bi mí pé, "Bàbá, láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé nǹkan tó máa ń dùn mọ́ yín ṣì ń dùn mọ́ yín?" Kí n tó dáhùn, omi ti lé sí mi lójú. Mo jẹ́wọ́ ẹlẹ́rìndòdò fún un. Ó ní ẹnì kan wà lọ́dọ̀ wọn tó máa ń bá èèyàn sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fò dìde: "Àbí Àrò lẹ fẹ́ gbé mi lọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Àrò tí mò ń sá fún yẹn, ní 1954 ni Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí aláìsàn ibẹ̀ gbé láwọn abúlé ìtòsí, kí ẹbí rẹ̀ kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló mọ̀ nílé?"

Kò sẹ́nì kankan.

Ẹ̀yin tí a jọ ń lo oògùn yìí, ẹ má rò pé oúnjẹ nìkan ni. Tí ọkàn ò bá balẹ̀, ara á ṣe bí ẹni pé ogun dé, ẹ̀dọ̀ á tú ṣúgà tó ti kó pamọ́ jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Àìsùn náà á tún máa jẹ́ kí ẹnu wá adùn. Ti àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń tà fún wa lówó gọbọi, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀: bó bá ti pọ̀ jù, ṣúgà náà ni yóò dà. Ẹ má sì máa ṣọ́ ẹnu ní ọjọ́ mẹ́ta péré kí ẹ tó lọ rí dókítà, bí mo ti máa ń ṣe. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HbA1c á tú àṣírí bí ṣúgà yín ti rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn.

Mo sọ fún ìyàwó mi. Kò pariwo. Ní alaalẹ́ báyìí, á gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, á fi tọ́ọ̀ṣì wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ-ìka. Lálẹ́ àná ó kígbe, ó ní ẹ̀jẹ̀ ni. Òwú pupa ni.