Ìwé Ọ̀já Àwọ̀: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Lórí Fíìmù Àwọn Ọmọbìnrin Alárékérekè

Oṣù Kejì: ètò àti ìwọ̀n

Iṣẹ́ ọwọ́ tí mo dáwọ́ lé báyìí ni ìwé kan tí mo ń fi ọwọ́ yà, tí mo sì máa fi ọwọ́ rán, nípa irú fíìmù kan tí mo fẹ́ràn gan-an: àwọn eré ẹ̀fẹ̀ tó korò, tí wọ́n fi ilé ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà ṣe pápá, níbi tí ọmọbìnrin kan tàbí ẹgbẹ́ ọmọbìnrin kan ti ń fi ẹ̀tàn, òfófó àti ìbẹ̀rù darí gbogbo àwọn yòókù. Fíìmù mẹ́rin ni mo yàn: Heathers (1989), Jawbreaker (1999), Election (1999) àti Mean Girls (2004). Ohun tí mo fẹ́ kí ìwé náà fi hàn ni ibi tí agbára ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí pé nínú irú fíìmù yìí, aṣọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Fíìmù kọ̀ọ̀kan ní ọ̀já kan tó lọ láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àpótí kékeré kan tó fẹ̀ ní mìlímítà 4. Mo mú ìwọ̀n yìí nítorí pé Heathers àti Election, tó gùn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, jẹ́ ìṣẹ́jú 103 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn di mìlímítà 412, ìwé A3 sì gùn tó mìlímítà 420. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú, ó sì ṣẹ́ mìlímítà 4 kù sí etí méjèèjì. Mean Girls, tó jẹ́ ìṣẹ́jú 97, gba 388. Jawbreaker, tó jẹ́ ìṣẹ́jú 87, gba 348. Ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, mo sì ń fi pẹ́ńsùlù aláwọ̀ kun àpótí rẹ̀ ní àwọ̀ aṣọ tó wọ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn. Bí kò bá sí lójú fíìmù, mo fi àpótí náà sílẹ̀ ní funfun. Níbi tí àṣẹ rẹ̀ bá ti ṣẹ, mo fi báírò dúdú yí etí àpótí náà ká.

Oṣù Kẹta: Heathers

Èyí ni mo fi bẹ̀rẹ̀, òun ló sì gba àkókò jù. Daniel Waters ló kọ ọ́, Michael Lehmann ló darí rẹ̀, òfin sì ni àwọ̀ jẹ́ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló ń jẹ́ Heather. Heather Chandler, tó jẹ́ olórí, ń wọ pupa. Heather Duke ń wọ àwọ̀ ewé. Heather McNamara ń wọ àwọ̀ ìyeyè. Veronica Sawyer, tí Winona Ryder ṣe, ń bá wọn rìn nínú búlúù àti dúdú. Nígbà tí fíìmù náà ṣí, àwọn Heather ń fi òòlù onígi gbá bọ́ọ̀lù nínú ọgbà, wọ́n sì bo Veronica mọ́lẹ̀ débi pé orí rẹ̀ nìkan ló yọ, tí bọ́ọ̀lù náà sì ń lọ bá a. Mo kun ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, nítorí gbogbo ètò ilé ẹ̀kọ́ náà ti wà níbẹ̀ kí a tó rí kíláàsì kankan.

Ìlà Duke ló dùn mọ́ mi láti kùn jù lọ. Lẹ́yìn ikú Chandler, àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn lórí ìlà rẹ̀, pupa sì ń yọ́ wọlé, títí pupa fi gba gbogbo ibẹ̀. Ìdè irun pupa Chandler náà bọ́ sórí rẹ̀, Veronica ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u kúrò nígbẹ̀yìn. Mo ya àmì kékeré kan fún ìdè irun yìí sókè ọ̀já náà, kò ju èékánná ìka tó kéré jù lọ, mo sì fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ara rẹ̀ lọ sí ìlà ẹni tó wà lórí rẹ̀. Bí a bá fi ojú tẹ̀ lé okùn náà nìkan, a ti ka ìtàn ìjọba ilé ẹ̀kọ́ náà tán.

Níbi tí mo ti ń yí etí àpótí Veronica ká ni mo ti rí nǹkan kan tó fẹ ètò ìwé náà lójú. Veronica mọ bí a ṣe ń ṣe àdàkọ ọwọ́ ìkọ̀wé ẹlòmíràn. Nínú yàrá ìjẹun, Chandler ní kí ó kọ lẹ́tà èké sí Martha Dunnstock, ọmọ tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń fi ṣẹ̀sín, bí ẹni pé ọmọkùnrin kan ló kọ ọ́. Nígbà tí J.D., ọmọkùnrin tí Veronica ń fẹ́, gbé oògùn olómi tí wọ́n fi ń la ojú kòtò omi ìdọ̀tí fún Chandler, tó mu ún tó sì kú, ọwọ́ kan náà ló kọ lẹ́tà ìdágbére tó mú kí ikú náà dà bíi pé ọmọ náà gbẹ̀mí ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìbuwọ́lùwé tí Duke ń gbé kiri, tí J.D. ti pète láti sọ di lẹ́tà ìdágbére gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé mẹ́ta, irọ́ mẹ́ta. Èyí tó wà láàárín ló wọ àwọn àgbà lára jù lọ. Olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní Fleming gba lẹ́tà ìdágbére náà gbọ́ láìbéèrè nǹkan kan, ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ, ó sì jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá ya ọ̀fọ̀ náà. Ọmọ tí àwọn olùkọ́ kò mọ̀ rí di ẹni mímọ́ lójú wọn nítorí ìwé tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́.

Nítorí náà mo fi ọ̀já kejì kún un nísàlẹ̀ ọ̀já àwọn ọmọbìnrin, mo sì pè é ní ọ̀já àgbà. Àwọ̀ eérú ni mo ń fi kùn ún, ní gbogbo ìṣẹ́jú tí òbí, olùkọ́ tàbí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá fi ọwọ́ méjèèjì gba irọ́ tí a gbé wá fún un. Lórí Heathers, eérú náà pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Oṣù Kẹrin: Jawbreaker

Èyí yá kíákíá, nítorí àwọn àwọ̀ rẹ̀ le, wọn kò sì ṣòro yà sọ́tọ̀. Darren Stein ló kọ ọ́ tó sì darí rẹ̀. Ní ọjọ́ ìbí Liz Purr, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta jí i gbé fún eré, wọ́n fi súìtì líle ràbàtà dí i lẹ́nu, wọ́n sì tì í mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Súìtì náà há a lọ́fun, ó sì kú. Courtney Shayne, olórí àwọn ọ̀rẹ́ náà, tí Rose McGowan ṣe, fi ohùn ìyá òkú náà pe ilé ẹ̀kọ́ lórí fóònù pé ara ọmọ òun kò yá. Ilé ẹ̀kọ́ gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀: eérú. Wọ́n rán Fern Mayo, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, pé kó gbé iṣẹ́ àṣetiléwá lọ fún Liz, báyìí ni àṣírí náà tú sí i lọ́wọ́, Courtney sì ra ẹnu rẹ̀ nípa sísọ ọ́ di arẹwà tuntun tó ń jẹ́ Vylette. Ìlà Fern pín sí méjì gedegbe lórí ìwé mi, àwọ̀ tó ti ṣá lápá kan, àwọ̀ tó ń tàn yòò lápá kejì. Mo fi ìlà Liz sílẹ̀ láìpa á rẹ́, gbọọrọ funfun, nítorí mo fẹ́ kí òǹwòye máa rí i títí dé òpin pé ẹnì kan kò sí níbẹ̀ mọ́.

Oṣù Karùn-ún: Election

Alexander Payne ló darí rẹ̀, láti inú ìwé ìtàn Tom Perrotta tó jáde ní 1998. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ka Tracy Flick, tí Reese Witherspoon ṣe, mọ́ àwọn ọmọbìnrin burúkú inú sinimá, mo sì gbà pé ó ṣe ohun tí kò dára nínú ìdìbò ààrẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ó fa àwọn pátákó ìpolongo alátakò rẹ̀ ya, ó sì sẹ́. Àmọ́ nígbà tí mo kun ọ̀já náà tán, ọ̀já àgbà ló dúdú jù. Tracy fi ìbò kan ṣoṣo wọlé. Jim McAllister, olùkọ́ tó ń bojú tó ìdìbò náà, mú ìwé ìdìbò méjì tó jẹ́ ti Tracy, ó rún wọn, ó jù wọ́n sínú ike ìdọ̀tí, Paul Metzler, alátakò Tracy, sì fi ìbò kan wọlé dípò rẹ̀. Agbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló rí wọn. Eérú kò tó fún irú èyí, torí kì í ṣe pé àgbà gba irọ́ gbọ́, òun gan-an ló pa á. Báírò dúdú ni mo fi yí àpótí McAllister ká gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọbìnrin. Lójú mi, ìdí nìyí tí fíìmù yìí fi jinlẹ̀ ju àwọn mẹ́ta yòókù lọ.

Oṣù Kẹfà: Mean Girls, àti rírán ìwé

Mark Waters, arákùnrin Daniel Waters tó kọ Heathers, ló darí èyí. Tina Fey ló kọ ọ́, ó sì mú un láti inú ìwé tí Rosalind Wiseman kọ fún àwọn òbí ní 2002. Nítorí ìbátan yìí ni mo ṣe fi Heathers síwájú ìwé, tí mo sì fi Mean Girls sẹ́yìn. Pẹ́ńsùlù pínkì mi ti kúrú gan-an. Ibi tí mo dúró lé lórí jù ni ibi tí Regina George, olórí ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin náà, ti lẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ inú ìwé èébú tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọ, tó kọ èébú sí ara rẹ̀, tó sì gbé e lọ fún ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ sáàárín àwọn tí wọ́n bú kí ẹnikẹ́ni má bàa wá a láàárín àwọn tó bú wọn. Lẹ́yìn náà ló fọ́n ẹ̀dà ojú ìwé náà káàkiri gbọ̀ngàn. Àpótí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ní etí dúdú, eérú sì wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an.

Gbogbo ìlà ti parí lórí ìwé mẹ́rin náà, àyàfi ti Karen àti Gretchen, àwọn ọ̀rẹ́ Regina, ní apá ìkẹyìn. Mo ti ṣẹ́ ìwé A3 kọ̀ọ̀kan sí méjì, ọ̀já sì wà ní inú kí ó lè ṣí sílẹ̀ gbalaja láìsí ibi tó fara pamọ́. Mo ti fi rúlà sàmì sí ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà lójú ìṣẹ́po, láàárín ìlà kan àti èkejì, kí ihò má bàa bọ́ sórí àpótí ẹnikẹ́ni. Òwú funfun onípele méjì ni mo máa lò, èèpo ìwé náà á sì jẹ́ àwọ̀ eérú.