Ẹ Gbọ́ Báàsì Kí Ẹ Tó Dárà

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń ta fáyólìnì, n ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń yí okùn tàbí ka nóòtì. Ẹ ti kọjá ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí dùùrù, eré àsápajúdé kan náà ni mo ṣì ń gbọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Èkíní, títa orin Corelli, ará Ítálì tó kọ orin fáyólìnì, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kò tó. Ní 1700 ni sónátà méjìlá rẹ̀, orin alápá púpọ̀ fún fáyólìnì àti báàsì, jáde ní Róòmù nínú ìwé orin rẹ̀ karùn-ún, Opus 5. Nínú àwọn Adágíò rẹ̀, ìyẹn àwọn apá tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, nóòtì gígùn díẹ̀ ni ẹ ó bá, egungun lásán. Ẹni tó ń ta á ló ń fi ẹran bò ó. Ní 1710, òǹtẹ̀wé Estienne Roger tún un tẹ̀ ní Amsterdam pẹ̀lú àwọn àrà, ìyẹn nóòtì tí olórin ń fi kún un, tó ní Corelli fúnra rẹ̀ ló ń dá wọn bẹ́ẹ̀. Níbi tí nóòtì kan ṣoṣo wà tẹ́lẹ̀, ọ̀wọ́ nóòtì ló ń ṣàn kọjá.

Èkejì, báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ tí dùùrù àti sẹ́lò ń ta, ló ni orin náà. Níbi àṣálẹ́ orin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìka rẹ̀ yá gan-an ló ta fáyólìnì, màmá kan ta sẹ́lò, èmi wà nídìí dùùrù. Ẹ̀yìn ló kọ sí wa. Ó ta Adágíò ní gbẹrẹfu, ó ní kò sí iṣẹ́ níbẹ̀. Bí Álégírò, apá tó yára, ṣe bẹ̀rẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀. Mo sáré tẹ̀ lé e. Màmá ò bá a mọ́. Ó ti gbé fáyólìnì kúrò léjìká, ó ń tẹríba fún èrò, àwa ṣì ń ta orin lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un! Àwọn tó ṣètò rẹ̀ wá sọ fún mi pé dùùrù ló fà sẹ́yìn. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Mo mọ iṣẹ́ mi, màmá náà mọ tirẹ̀.

Ṣé ìka yíyá nìkan là ń pè ní àrà ni? Ẹ mú Adágíò Sónátà Kẹta. Ẹ fi ẹnu kọ báàsì rẹ̀ títí yóò fi mọ́ yín lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ ta nóòtì inú ìwé láìfi nǹkan kan kún un, kí ẹ máa fetí sí ibi tí fáyólìnì ti di nóòtì mú tí báàsì sì yí kúrò lábẹ́ rẹ̀, tí ohùn méjèèjì ń gún ara wọn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dárà.