Ṣúgà nìkan kọ́ ló yẹ ká yọ nínú ohun mímu èso

Bí sọ́mà bá ti wọlé ní ìlú òkèèrè, ilé tí wọ́n kọ́ nítorí òtútù á di ilé ìdáná. Ògiri tó nípọn, fèrèsé tí kì í ṣí tán, gbogbo ohun tó ń gbà wá sílẹ̀ nígbà yìnyín ló máa ń há ooru mọ́ wa lára. Oòrùn gan-an kì í fẹ́ wọ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ á lù, ìta á ṣì mọ́lẹ̀ kedere, ọmọ wo lẹ fẹ́ ní kó lọ sùn? Ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì ni wọ́n máa ń dúró sí. "Mọ́mì, kí ló wà tó tutù?" Ìbéèrè yẹn ló gbé bílẹ́ńdà wa jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ohun mímu èso inú páálí rọrùn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Àmọ́ bí wọ́n bá kọ ọ́ síwájú páálí pé àwọn ò fi ṣúgà sí i, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Nígbà míì, oje àjàrà tàbí ti ápù tí wọ́n ti fa omi rẹ̀ gbẹ títí ó fi ki ni wọ́n fi mú un dùn. Ṣúgà ló wọ aṣọ èso yẹn. Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé, WHO, ò tilẹ̀ yọ oje tí a fún fúnra wa sílẹ̀: nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015, ṣúgà inú oje èso, ti inú oyin àti èyí tí a fi ṣíbí bù, agbo kan náà ni wọ́n kó gbogbo wọn sí. Fún àgbàlagbà tó ń jẹ kálórì 2,000 lóòjọ́, wọ́n ní kó má kọjá nǹkan bíi gíráàmù 50, ìdajì ìyẹn ló sì tún dáa jù. Oje ọsàn mìlílítà 250 péré lè ní tó gíráàmù 20 nínú, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fi ṣíbí kan kún un.

Ẹni tó bá jókòó bó ọsàn jẹ, ó máa ń sú u kó tó jẹ ẹ̀kẹta tán, torí ó ń jẹ ẹ́ tòun ti fáíbà rẹ̀, ìyẹn àwọn fọ́nrán inú ẹran ara èso. Ẹ fún ọsàn mẹ́ta kan náà sínú ife, ojú ẹsẹ̀ ló ti wọlé. Ohun tí ì bá mú kí ṣúgà yẹn rọra wọnú ẹ̀jẹ̀ ti kù sórí asẹ́, a sì ti dà á nù. Ìdí rèé tí asẹ́ ò fi sí nínú iṣẹ́ yìí nílé mi. Kí bílẹ́ńdà lọ èso náà tòun ti ẹran ara rẹ̀, kí omi pọ̀ ju èso lọ, ká sì mu ún bó ṣe ki mọ. Lílọ náà ń fọ́ fáíbà yẹn díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ìdí tí omi fi gbọ́dọ̀ pọ̀ nìyẹn.

Bàrà olómi nìkan ni mi kì í bu omi sí. Nínú gíráàmù 100 rẹ̀, bíi 92 ló jẹ́ omi, kí la tún fẹ́ fi omi ṣe? Mo máa ń yọ hóró dúdú inú rẹ̀, torí ó máa ń korò bí irin bílẹ́ńdà bá fọ́ ọ, mo sì máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ mọ́ ọn lára funfun tó sún mọ́ èèpo. Funfun yẹn ò dùn, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ẹnu tutù bíi kùkúńbà. Lẹ́yìn náà, ọsàn wẹ́wẹ́ kan, atalẹ̀ tó tó orí ìka, àti iyọ̀ tí ìka méjì lè ṣà. Ẹ má fojú di iyọ̀ yẹn: ìwọ̀nba rẹ̀ máa ń pa ìkorò, adùn èso á wá yọ jáde. Ìfófòó pupa kan á rú sókè nínú bílẹ́ńdà. Ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi ṣíbí gígùn rò ó kí ẹ tó dà á sínú ife.

Iṣẹ́ tí ṣúgà ì bá ṣe, ọwọ́ pípọ́n èso ló wà. Máńgòrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lè pọ́n nílé, kí wọ́n sì dùn sí i. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó, bàrà, ọsàn àti strawberry kò rí bẹ́ẹ̀: bí wọ́n ṣe dùn tó lọ́jọ́ tí wọ́n já wọn náà nìyẹn. Àwọ̀ lè yí padà, ara lè rọ̀, adùn ò ní lé. Torí náà, n kì í ra bàrà láì yí i wò. Ibi tó fi sùn sórí ilẹ̀ lóko máa ń ní àmì. Bí àmì náà bá ti di yẹ́lò, ó pẹ́ lóko nìyẹn. Bó bá ṣì funfun, wọ́n tètè já a. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní tiẹ̀, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ gbóòórùn. Bí kò bá ta sánsán, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Òtútù tún wà níbẹ̀. Ahọ́n kì í mọ adùn dáadáa bí nǹkan bá tutù jù. Ohun mímu tó dùn nígbà tí a lọ̀ ọ́ lè tẹ́ lẹ́nu lẹ́yìn tó bá ti wọ fíríìjì, ọwọ́ á sì nà sí ìgò oyin. Áìsì tún wá ń dá kún un, torí bó ṣe ń yọ́ ló ń sọ ọ́ di omi. Ní tèmi, máńgòrò ni mo máa ń gé sí wẹ́wẹ́, màá tẹ́ ẹ sórí àwo pẹrẹsẹ nínú fírísà kó má baà lẹ̀ mọ́ra, òun ni mo ń jù sínú ife dípò áìsì. Bó ṣe ń yọ́ ni ohun mímu náà ń dùn sí i.

Lórí ọ̀rọ̀ oyin, àbúrò mi obìnrin kan ò gbà fún mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, oyin kì í ṣe ṣúgà o, Ọlọ́run ló dá a." Mo ní Ọlọ́run náà ló dá ìrèké. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi oyin sí tiẹ̀. Ẹni tó ń lo dàbínù sàn díẹ̀ jù ú, torí fáíbà wà lára rẹ̀, àmọ́ dàbínù dùn púpọ̀. Ẹyọ kan ti tó fún ìgò ńlá.

Àwọn ọmọ ò kọ́kọ́ gbà á. Àkọ́bí mi ní omi tí èso kàn gba ibẹ̀ kọjá ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa ni mo fi tàn wọ́n, mo sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu wọn fi mọ́ ọn.

Ẹ má po ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù mọ́ mílíìkì bí ẹ ò bá ní mu ún lójú ẹsẹ̀. Èròjà tó ń ta wá láhọ́n nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó, bromelain, máa ń fọ́ purotéènì inú mílíìkì, gbogbo rẹ̀ á sì korò bó bá pẹ́ nílẹ̀.

Ẹ fọ èso lábẹ́ omi tó ń ṣàn kí ẹ tó gé e, kódà èyí tí ẹ fẹ́ bó, torí ọ̀bẹ ló ń gbé ìdọ̀tí ẹ̀yìn rẹ̀ wọnú. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá gbé ohun mímu náà jáde, kó má ju wákàtí méjì lọ níta fíríìjì. Bí ooru bá ti kọjá 32°C, wákàtí kan ti tó. Tiwa kì í kọjá ọjọ́ kejì. Èyí tó bá ṣẹ́kù sísàlẹ̀ ìgò, tó ki, tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ mu, mo máa ń dà á sínú ike kéékèèké, màá ki igi bọ̀ ọ́ láàárín, ó di inú fírísà. Àwọn tí kò fẹ́ mu ún yẹn náà ni wọ́n máa ń jà lé e lórí.