Afẹ́ Ìbàdàn, afẹ́ Leeds

Ohun tó ń dùn mí jù lọ́rọ̀ àwọn ará ilé ni pé wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti dé Ìlú Ọba ti bọ́ lọ́wọ́ àìrówóná. Láìpẹ́ yìí, àbúrò ìyá mi fi àwòrán léèsì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ wọn. ₦180,000, gèlè ò sí níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, owó yẹn pọ̀ fún mi." Wọ́n dáhùn pé, "Ìwọ tó ń ná pọ́n-ún? Ìwọ tí kì í wọ aṣọ pọ́ọ́kú láti kékeré!"

Ìdajì ọ̀rọ̀ wọn jóòótọ́. Mo fẹ́ràn nǹkan gidi. Òṣómàáló ni bàbá àgbà mi, láti Iléṣà: wọ́n ń ru aṣọ lọ sí ìlú onílùú, wọ́n ń tà á láwìn, tó bá yá wọ́n á padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó wọn á fi pé. Ọmọdé ilé wa máa ń fọwọ́ pa aṣọ wò kó tó bèèrè iye rẹ̀. Bí mo ṣe wà ní Yunifásítì Ìbàdàn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo wà ní Leeds tí mo ti ń kàwé gboyè másítà báyìí. Ohun tó yàtọ̀ ni ọ̀nà tí ẹni tí kò lówó lè gbà ṣe afẹ́.

Ní Ìbàdàn, owó oúnjẹ mi kì í tó òpin oṣù, síbẹ̀ kò sí òde tí mo lọ tí ojú tì mí. Ọjà aṣọ Gbági wà. Ìyá aláṣọ á pe ọjà ní ₦40,000, màá ní ₦15,000, wọ́n á bínú, màá ṣe bí ẹni ń lọ, wọ́n á pè mí padà. Èyí tó bá kù nílẹ̀, "Máa mú un lọ, kó o máa san án díẹ̀díẹ̀." Èésú wà, gèlè ẹ̀gbọ́n mi wà ní yíyá, òkìrìkà wà fún bàtà awọ, télọ̀ sì wà tó ń wo àwòrán inú fóònù rán aṣọ. Ẹ̀yin náà mọ gbogbo èyí.

Ní Leeds, iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà labẹ gé. Ọjà ńlá kan wà láàárín ìlú, Kirkgate Market. Ibẹ̀ ni Michael Marks ti pàtẹ ní 1884, níbi tí ilé ìtajà ńlá Marks & Spencer ti ṣẹ̀. Àkọlé tó fi sórí ọjà pẹ́nì kan-kan rẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má bèèrè iye, pẹ́nì kan ni. Ó ti pẹ́, nígbà náà, tí ẹnu dídùn kò ti ra nǹkan kan níbí. Àwìn wà o. Tí o bá fẹ́ rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní kí o pín owó náà sọ́nà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwìn tí kò mọ ìyá tó bí ọ ni. Bí ọjọ́ bá pé, wọ́n á yọ owó wọn nínú àkáǹtì, ì báà jẹ́ owó ilé lo tọ́jú síbẹ̀. Bàbá àgbà mi ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń bá onígbèsè wọn jẹun, wọ́n sì ń kí i kú ewu ọmọ.

Èyí tí àwọn ará ilé kò mọ̀ rárá ni ọ̀rọ̀ wákàtí. Físà, ìyẹn ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi, kò fàyè gba iṣẹ́ tó ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀, láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè, nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ. Owó tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21, láti oṣù Kẹrin 2025 títí di oṣù Kẹta 2026, jẹ́ £12.21 fún wákàtí kan. Ẹ ṣírò rẹ̀, kò tó £250 lọ́sẹ̀ nígbà náà. Owó yàrá mi nìkan jẹ́ £540 lóṣù, kí n tó wọ bọ́ọ̀sì, kí n tó jẹun. Náírà ni bàbá mi fi ń san owó ilé-ìwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, pọ́n-ún kan kò tó ₦600 ní báńkì. Nígbà tí 2024 fi bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà, ó ti kọjá ₦1,500. Mi ò lè wá tún ké sí wọn pé bàtà wù mí.

Iṣẹ́ kíà, ìyẹn ìtọ́jú àwọn arúgbó àti aláìlera, ni mo ń ṣe. Nígbà mìíràn máníjà á pè lálẹ́ Fúráídè pé òṣìṣẹ́ ò tó, ṣé mo lè fi wákàtí mẹ́jọ kún un. Owó bàtà gidi nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n. Màá ní rárá, torí bí mo bá kọjá 20, ìwé àṣẹ lè bọ́ lọ́wọ́ mi.

Torí náà, mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ilkley, ibi tí àwọn olówó ń gbé, kí n lọ yẹ ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ohun tí àwọn èèyàn fi tọrẹ, kí owó rẹ̀ lè lọ fún iṣẹ́ àánú. Ibẹ̀ ni mo ti rí kóòtù kan ní £18. Mo yí inú rẹ̀ síta: ọwọ́ ni wọ́n fi rán ọrùn rẹ̀, sílíìkì ni inú, ìwo ni bọ́tìnnì, wọ́n sì rán ọ̀kan pamọ́ sábẹ́ fún ọjọ́ tí òmíràn bá já. Lẹ́bàá àpò, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi òwú pupa kọ lẹ́tà méjì orúkọ rẹ̀. Inú mi dùn dé ilé.

Mo wọ̀ ọ́ lọ sí kíláàsì, kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan. Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, bákan náà. Ká ní Ìbàdàn ni, n ò ní tíì dé ẹnu géètì tí màá ti gbọ́ pé, "Ẹ̀mí ẹ á lò ó o! Èló lo rà á? Tí ó bá sú ọ, èmi ni kó o fún." Àwa mẹ́rin là ń gbé ilé kan ní Leeds, a sì lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìríra. Aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò kíni kú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ara yá gágá. Mo ya àwòrán, mo fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé padà pé, "Ayé ń jẹ yín o." Àwòrán tí mo fi ń wá ẹni tó máa bá mi yọ̀ ti di ẹ̀rí pé owó wà lọ́wọ́ mi. Kò sì pẹ́ sígbà náà ni léèsì ₦180,000 dé.

Àwọn kan á ní kí n padà wálé, tàbí kí n jáwọ́ nínú afẹ́. Mi ò ní ṣe èyíkéyìí. Nílé, ìdajì owó aṣọ mi ló ń lọ sórí aṣọ tí ẹlòmíràn yàn, ọ̀sẹ̀ yìí ti ìsìnkú, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti ọjọ́ ìbí, orúkọ ìyá mi ló sì dúró fún gbèsè náà. Kóòtù £18 yìí, èmi ni mo yàn án, mo san án tán, kò sẹ́ni tó lè wá lóṣòó tì mí nítorí rẹ̀. Àdáwà ń bá mi jà, mi ò parọ́, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn ju kí n padà sí ìsàn-díẹ̀díẹ̀ tí kì í tán.

Owó gèlè nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò ìyá mi. Wọn ò tíì dáhùn. Bí mo bá jáde ilé-ìwé, màá gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń fún ẹni tó parí ẹ̀kọ́, tí kò ní gbèdéke wákàtí. Owó oṣù àkọ́kọ́ á lọ sọ́dọ̀ bàbá mi, ìkejì sọ́dọ̀ ìyá mi. Ti ìkẹta, mo ti rí bàtà awọ tí mo fẹ́ fi rà, mo ti wọ̀ ọ́ wò, ó sì bá ẹsẹ̀ mi mu. Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni kó tó di tèmi.