«Fúnra ẹ̀»

Ọyẹ́ ti mú. Iná lọ láàárọ̀, kò tíì dé. Mo jáde lọ ra bátìrì, mo padà wálé. Ọjọ́ parí.

Ohun tó kù nílẹ̀ ni gbólóhùn kan tí mo gbọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin kan ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní: «Ṣáà gbé lẹ́ńsì fọ́tò sí i, ẹ̀yìn á di bàìbàì fúnra ẹ̀.» Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń mi orí bí alángbá.

Fúnra ẹ̀. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Mo rí kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ wọn: Panasonic DVX100, kámẹ́rà fídíò tó jáde ní 2002. Sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta, ìyẹn ojú tó ń gba àwòrán, ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń pe ìkọ̀ọ̀kan ní ìdámẹ́ta ínṣì. Orúkọ lásán nìyẹn o. Ibi tí àwòrán ń bọ́ sí gan-an kò ju bíi mìlímítà 4.8 sí 3.6 lọ, nígbà tí fíìmù fọ́tò jẹ́ 36 sí 24. Lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà yẹn wá ṣí dé f/1.6 (nọ́ńbà f ni ìwọ̀n ihò lẹ́ńsì: bó bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń ṣí tó), ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ká mú ẹ̀yìn di bàìbàì, f/1.6 yẹn kò sàn ju f/11 tàbí f/12 lórí fíìmù fọ́tò lọ. Ìdí nìyẹn tí ojú ìyàwó, kéèkì, àti ẹni tó ń gbé abọ́ àmàlà kọjá lẹ́yìn ṣe ń mọ́ kedere lọ́gbọọgba nínú fídíò ìnáwó àtijọ́.

Lẹ́ńsì rẹ̀ kì í sì í ṣí kúrò. Níbo ni wọ́n fẹ́ gbé ti fọ́tò sí?

Ojú dígí ni. Àwòrán ńlá kò lè wọ sẹ́ńsọ̀ kékeré, nítorí náà ẹ jẹ́ kó bọ́ sórí dígí oníkùrukùru, irú èyí tó wà lójú fèrèsé balùwẹ̀, kí kámẹ́rà kékeré wá ya dígí náà látẹ̀yìn. P+S Technik ní Jámánì ṣe tiwọn, wọ́n pè é ní Mini35, owó ńlá. Lẹ́yìn náà ni Redrock M2 dé láti Amẹ́ríkà, dígí tirẹ̀ ń yí bí àwo CD. Ti Letus35 ń gbọ̀n, kí hóró ojú dígí má bàa hàn. Àwọn tí kò lówó fi páìpù omi àti ẹ̀rọ kékeré tó ń mú fóònù gbọ̀n ṣe tiwọn. Ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ kì í ṣe fúnra ẹ̀.

Ìwọ̀n ló máa ń kọ́kọ́ dójú ti èèyàn. Láti ibi tí lẹ́ńsì Nikon ti dè mọ́ kámẹ́rà dé ojú fíìmù, mìlímítà 46.5 ni. Ti Canon EF, 44. Ti lẹ́ńsì M42 tí a ń yí bí ìdérí ìgò, 45.46. Ibẹ̀ gan-an ni ojú oníkùrukùru dígí náà gbọ́dọ̀ wà, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ kọjú sí lẹ́ńsì. Ẹ yí dígí tó nípọn mìlímítà 1 padà nínú ilé rẹ̀, ẹ wo nǹkan: ojú oníkùrukùru ti sún sẹ́yìn ní odindi 1, ìmọ́lẹ̀ tó gba inú dígí kọjá sún sẹ́yìn ní ìdámẹ́ta péré, nǹkan bíi 0.67 á wà láàárín wọn. Ojú ẹni tó jókòó nítòsí á mọ́, òkè ọ̀ọ́kán kò ní mọ́ láé, wọn á máa bú lẹ́ńsì.

Lẹ́yìn dígí ni lẹ́ńsì ìsúnmọ́. Èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ +7 máa ń fẹ́ kí dígí jìnnà sí i tó bíi mìlímítà 143, +10 ń fẹ́ 100. Ẹ sún kámẹ́rà mọ́ ọn títí etí páìpù fi kúrò nínú àwòrán, ẹ fi ọwọ́ fa fókọ́ọ̀sì kámẹ́rà títí hóró ojú dígí fi hàn ketekete, ẹ tì í pa. Láti ìgbà náà lọ, lẹ́ńsì fọ́tò nìkan ni kí ẹ máa fọwọ́ kàn. Ohun tó ń dènà ọwọ́ gbígbọ̀n nínú kámẹ́rà, ẹ pa á. Ṣọ́tà, ìyẹn ìgbà tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kan, ẹ fi sí 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ má gbé e sókè, torí bí ó bá yá jù, hóró dígí á dúró gbagidi lójú àwòrán bó ti wù kí dígí gbọ̀n tó. Ẹ má sì pa ihò lẹ́ńsì fọ́tò kọjá f/5.6: hóró á jáde, àárín á máa tàn bí òṣùpá, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ṣókùnkùn. F/2 tàbí f/2.8 ló dára. Dígí sì ti jẹ bíi ìdajì ìmọ́lẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé kámẹ́rà, nítorí náà ìnáwó alẹ́… ẹ mọ ìyókù.

Àwòrán á sì dojú dé. Ẹlòmíì á dá òkè padà sí ìsàlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó rò pé ó ti parí, lẹ́tà ara ògiri á wá máa kà láti ọ̀tún sí òsì. Yíyí ni, ìlàjì òbírí, 180. Kì í ṣe dídá òkè padà sí ìsàlẹ̀ nìkan.

Ọyẹ́ yìí nìyí náà. Erukù tó bà sórí lẹ́ńsì kì í hàn, ṣùgbọ́n èyí tó bà sórí dígí wà níbi tí fókọ́ọ̀sì wà gan-an, á tò sójú àwòrán bí ata gígún. Dígí tó ń gbọ̀n á pa díẹ̀ mọ́. Èyí tó dúró kò ní pa ọ̀kan mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n má ṣe é ní ìwà ìkà ṣá. Mo ti ń rò ó láti ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò fi gbogbo ara jẹ́ irọ́. Ká ní Bolex H16, kámẹ́rà fíìmù 16mm, ló wà lọ́wọ́ wọn ńkọ́? Láti C-mount, ẹnu tí lẹ́ńsì rẹ̀ ń dè mọ́, dé ojú fíìmù jẹ́ mìlímítà 17.526, òrùka Nikon tó nípọn 28.974 á sì so wọ́n pọ̀ láìsí dígí kankan. Ẹ dúró sójú kan pẹ̀lú 50mm f/1.4: bàìbàì tó wà lórí fíìmù 16mm kò yàtọ̀ ní ìwọ̀n sí ti fíìmù fọ́tò, ṣùgbọ́n a ó fẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kún ojú ògiri. Ẹ̀yìn á tún bàìbàì sí i! Àfi pé orí èèyàn nìkan ló máa wọ inú àwòrán. Kí ẹ tó lè rí èjìká rẹ̀ bíi ti fọ́tò, ẹ ó sún sẹ́yìn, ẹ ó tún sún, bí ẹ sì ṣe ń sún ni ẹ̀yìn ń mọ́ padà. Kí ni wọ́n wá jèrè? Ó jèrè, kò jèrè.

Lórí Bolex tó ní dígí ìwòran lẹ́yìn lẹ́ńsì, 50mm sókè ni kí ẹ lò. Èyí tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ tó sì ṣí gbàgà, dígí yẹn á ba àwòrán rẹ̀ jẹ́.

Lẹ́ńsì wo gan-an? Tòkunbọ̀ tó ní òrùka ihò lára. Nikon tí wọ́n kọ G sí lára kò ní in, Canon EF ń dúró de iná kámẹ́rà kó tó lè pa ihò rẹ̀. Helios 44-2, 58mm f/2, ti Soviet, ni mo fẹ́ràn: òrùka méjì ló ní, ìkan ń dá ààlà, èkejì ń rìn wẹ́rẹ́ láìró «kẹ́, kẹ́». Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí nǹkan bí òwú funfun bá ti hù nínú dígí, ẹ fi sílẹ̀.

Canon 5D Mark II, kámẹ́rà fọ́tò tó ń ya fídíò, ti dé láti 2008, sẹ́ńsọ̀ 36 sí 24, kò sẹ́ni tó tún ń gbé páìpù. Èmi náà mọ̀. Kí ló wá ń dùn mí? Bóyá pé lórí ìyẹn, «fúnra ẹ̀» fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́.

Fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣá. Wọ́n ti mú iná dé. Dígí oníkùrukùru tèmi ṣì wà lórí tábìlì láìbò, ẹ jẹ́ kí n wá ọ̀rá fún un kí ọyẹ́ tó kọ orúkọ sí i lójú.