Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ̀ ń béèrè query lórí chat, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí

Lálẹ́ àná, nǹkan bí aago mọ́kànlá, ọmọ kan wọ inú grúùpù Telegram tá a ti ń ran ara wa lọ́wọ́ lórí SQL, èdè tá a fi ń pàṣẹ fún dátábéèsì (query là ń pe àṣẹ kọ̀ọ̀kan), ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní query tí mo lè fi pa dúplíkéètì rẹ́ nínú tábìlì, kíákíá ni mo nílò ẹ̀." Kò sọ irú dátábéèsì tó ń lò, bóyá MySQL ni àbí Postgres, kò fi tábìlì hàn wá, kò sì sọ ohun tó rí tó fi gbà pé dúplíkéètì, ìyẹn ohun kan náà tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì, ni wọ́n. Kí n tó wá gíláàsì ojú mi rí, ẹni méjì ti kọ DELETE, àṣẹ tó ń pa nǹkan rẹ́, fún un. Àyà mi já. Ọ̀rọ̀ tí èmi náà kọ lọ́dún 2017 nìyẹn, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ lẹ́tà sí lẹ́tà, ohun tó sì gbẹ̀yìn ẹ̀ ṣì ń dùn mí dòní.

Oṣù tó kọjá ló pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń jẹun nídìí dátà. Mi ò ní kọ́ yín ní SELECT tá a fi ń ka dátà o, ẹ ti mọ̀yẹn, ẹ mọ JOIN tá a fi ń so tábìlì méjì pọ̀ náà. Béèyàn ṣe ń béèrè gan-an ni mo fẹ́ sọ. Mo ti kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, ẹ kí àwọn èèyàn, àmọ́ ẹ má dúró síbi ìkíni. Wọ́n ti kọ́ wa nílé pé ká máa kí àgbà, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń rí ni pé èèyàn á kọ "Ẹ káàsán o ẹ̀yin àgbà", á wá dákẹ́, á máa retí kí wọ́n dá a lóhùn kó tó sọ tẹnu ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà níbi iṣẹ́, ó yọjú wo fóònù, ó rí ìkíni, kò rí ìbéèrè, ó bá tiẹ̀ lọ, ó sì lè máà padà yọjú mọ́ títí dalẹ́. Kí wọn, kó o sì kọ ìbéèrè ẹ sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìkejì, sọ irú dátábéèsì tó ò ń lò àti version ẹ̀. Ní MySQL, tẹ SELECT VERSION(), á sọ ọ́ fún ẹ. ROW_NUMBER() tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn yìí, tó ń fún row (ìlà tábìlì) kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, orí 8.0 ló ti wọ MySQL, 2018 nìyẹn, tó bá jẹ́ 5.7 ló ṣì wà lórí sẹ́fà ọ́fíìsì yín, error ló máa bá ẹ jà, wàá wá máa bínú sí ẹni tó gbà ẹ́ nímọ̀ràn tó dáa. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ìkẹta, ẹ yé fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹ má sì ka orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù látorí. Ní MySQL, ẹ tẹ SHOW CREATE TABLE, àṣẹ tó ń fi gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù tábìlì hàn, gbogbo ohun tó bá jáde ni kẹ́ ẹ lẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe wà, ẹ fi row márùn-ún tàbí mẹ́fà kún un, ẹ wá kọ èsì tẹ́ ẹ fẹ́ rí sí ìsàlẹ̀. DB Fiddle wà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè to tábìlì kékeré síbẹ̀ kẹ́ ẹ wá fún wọn ní líǹkì ẹ̀, ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ á kàn dán an wò lójú ẹsẹ̀. Kẹ́ ẹ tó lẹ row yẹn, ẹ yí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù inú ẹ̀ padà, BVN ẹni ẹlẹ́ni kì í ṣe nǹkan tá à ń dà sáàárín èrò. Nàìjíríà ti ṣe òfin ààbò dátà ní 2023, ká tiẹ̀ ní kò sí òfin kankan, owó èèyàn ló wà lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn.

Ìkẹta yìí gan-an ló gbé mi ṣubú.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Ìbàdàn ni mo wà nígbà náà, à ń ṣe sọ́fítíwíà fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọ̀kan nínú wọn, ọlọ́jà ló pọ̀ jù níbẹ̀, 5,000 náírà ni ọ̀pọ̀ wọn ń dá lóṣooṣù. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, akápò wọn, màmá kan báyìí tí kì í pariwo, pè mí pé owó tí report kọ̀ǹpútà ń kà ju owó tó wà ní báńkì lọ, àti pé ìpàdé ẹ̀yáwó wọn di Sátidé. Mo ṣí report náà, mo rí i pé orúkọ àwọn kan ń jáde lẹ́ẹ̀mejì, iye kan náà, ọjọ́ kan náà. Mo ní háà, akọ̀wé wọn ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Tẹnu report nìkan ni mo gbọ́, mi ò bi tábìlì fúnra ẹ̀ léèrè nǹkan kan.

Mo bá gba orí chat lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo kọ ọ́ pé tábìlì ìsanwó mi ní id, omo_egbe, iye àti ojo, mo fẹ́ pa dúplíkéètì rẹ́, kí wọ́n fún mi ní query. Orí ni mo ti kà á. Tábìlì yẹn ní kọ́lọ́ọ̀mù karùn-ún tó ń jẹ́ osu, ìyẹn oṣù tí owó náà wà fún. Mi ò rántí ẹ̀, mi ò sì ṣí i wò.

Ẹnì kan dáhùn láàárín ìṣẹ́jú méjì, pé níbi tí ọmọ ẹgbẹ́, iye àti ọjọ́ bá ti bára mu, kí n fi ọ̀kan sílẹ̀, kí n pa ìyókù rẹ́:

DELETE FROM isanwo WHERE id NOT IN (SELECT MIN(id) FROM isanwo GROUP BY omo_egbe, iye, ojo);

Ẹlòmíì tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀, ó ní, "Kí lo rí tó o fi mọ̀ pé wọ́n jẹ́ dúplíkéètì? Fi SHOW CREATE TABLE àti query report náà hàn wá ná." Inú bí mi. Ó ti rẹ̀ mí, iná ti lọ, bátìrì láptọ́ọ̀bù mi ti ń lọ sílẹ̀, ẹnì kan wá ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi bí ọlọ́pàá. Mo dá a lóhùn pé tí kò bá mọ̀ ọ́n kó jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀. Kò fèsì mọ́.

Mo lẹ DELETE yẹn sínú phpMyAdmin, ojú ìwé tá a ti ń pàṣẹ fún MySQL, mo tẹ Go. MySQL kọ̀ ọ́. Error 1093, pé èèyàn ò lè máa pa nǹkan rẹ́ nínú tábìlì kan náà tó ń kà nínú subquery, ìyẹn query tó wà nínú òmíì. Ẹ wò ó, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Dípò kí n jókòó ronú, mo padà sórí chat lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi wá ibi tí mo lè gbà yí i po. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n fi SELECT mìíràn bo ti inú kó di tábìlì ìgbà díẹ̀, mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo tún tẹ Go. 412 rows affected, ìyẹn ni pé row 412 ti lọ. Inú mi dùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn.

Mo ṣí report padà, orúkọ kan náà ṣì ń jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Ó yẹ kí ẹsẹ̀ mi ti máa gbọ̀n nígbà yẹn, àmọ́ mo ní ó kù díẹ̀ ni, màá parí ẹ̀ ní Mọ́ńdè. Mo sùn.

Ní Sátidé, màmá kan tó ń ta aṣọ àdìrẹ gbé káàdì ẹ̀ wá síbi ìpàdé. Ẹgbẹ́ yẹn máa ń yáni ní ìlọ́po méjì owó téèyàn bá ti kó jọ. Oṣù méjì-méjì ni màmá yìí máa ń wá, á san ti oṣù méjèèjì pa pọ̀, 5,000 lọ́nà méjì lọ́jọ́ kan náà, ó ti ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́rìnlá. Káàdì ẹ̀ ń sọ 140,000, kọ̀ǹpútà ń sọ 70,000. Kọ̀ǹpútà ni ìgbìmọ̀ gbà gbọ́. Wọ́n fún un ní 140,000 dípò 280,000, ó sì sunkún níbẹ̀, akápò ló sọ fún mi lórí fóònù. Ó fi káàdì ẹ̀ han gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ní akọ̀wé tó kọ ọ́ ló ṣe àṣìṣe.

Ìgbà yẹn ni mo tó tẹ SHOW CREATE TABLE. Mo rí osu. Gbogbo ẹni tó bá ti san oṣù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, mo ti pa ọ̀kan rẹ́ nínú ẹ̀. Kò sí dúplíkéètì kankan nínú tábìlì yẹn látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, akápò ní ká fi nọ́ńbà fóònù sínú report, èmi ni mo so tábìlì fóònù mọ́ ọn pẹ̀lú JOIN, ẹni tó bá sì ní MTN àti Glo, JOIN á gbé owó ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, SUM tó ń ro owó pọ̀ náà á sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní mo mú nọ́ńbà ẹyọ kan péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kí n tó so ó, ọ̀rọ̀ ti parí, ìlà méjì ni. Ohun tí ọkùnrin yẹn máa rí nìyẹn ká ní mo fi query report hàn án.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi béèrè, ọ̀nà ìlú tí mi ò lọ ni mo béèrè, wọ́n sì júwe ẹ̀ fún mi dáadáa.

Bákọ́ọ̀pù ńkọ́? Ó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ lálaalẹ́, díìsìkì ti kún, ẹni kankan ò wò ó, èyí tó gbẹ̀yìn ti pé ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Binlog náà, ìyẹn ibi tí MySQL ń kọ gbogbo àyípadà sí, lórí 5.7 kì í ṣí fúnra ẹ̀ àyàfi téèyàn bá ṣí i, a ò sì ṣí i. A rí 355 nínú bákọ́ọ̀pù. 57 tó kù, èmi àti akápò la jókòó ti ìwé rìsíìtì fún ọjọ́ mẹ́ta, a ń tẹ̀ wọ́n padà níkọ̀ọ̀kan. Màmá aláṣọ gba èyí tó kù nínú ẹ̀yáwó ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ fi gbà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ọ̀gá mi gba password sẹ́fà lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ọ́fíìsì, oṣù mẹ́rin ni mi ò fi fọwọ́ kàn án, mo gbà pé ó tọ́, àmọ́ ó lè pè mí sí kọ̀rọ̀.

Mo padà sórí chat lọ bá ẹni tó fún mi ní DELETE. Ó ní, "Ohun tó o béèrè ni mo fún ẹ." Inú ń bí mi sí gbólóhùn yẹn di báyìí, òótọ́ sì ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gòkè díẹ̀, tí ẹ̀ ń sáré fún ọmọ tẹ́ ẹ ò mọ tábìlì ẹ̀ ní DELETE torí kẹ́ ẹ lè kọ́kọ́ dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ná. Ìṣẹ́jú kan ni. Ẹ̀yin àbúrò mi náà, tí ẹnì kan bá ń bi yín ní ìbéèrè lórí ìbéèrè lórí chat, kò ṣẹ̀sín yín, kò sì fi nǹkan pa mọ́ fún yín. Òun nìkan ló ń wo aláìsàn yẹn, àwọn tó kù ń ta oògùn ni. Mo wá ọkùnrin yẹn lọ, mo tọrọ àforíjì. Ó ní kò sí wàhálà, ó wá bi mí bóyá màmá yẹn ti rí owó ẹ̀ gbà. Òun ló kọ́ mi pé kí n máa fi SELECT COUNT(*) sípò DELETE pẹ̀lú WHERE kan náà, kí n mọ iye tó fẹ́ lọ kó tó lọ, àti pé kí n kọ START TRANSACTION ṣáájú, torí MySQL máa ń fọwọ́ sí gbogbo nǹkan lójú ẹsẹ̀ fúnra ẹ̀, tí ROLLBACK, àṣẹ tó ń dá nǹkan padà sí bó ṣe wà, kò sì lè gba ohun tó ti fọwọ́ sí padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ChatGPT báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Tẹ́ ẹ ò bá fi tábìlì hàn án, á méfò orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù, tẹ́ ẹ bá ní kó pa nǹkan rẹ́, á kọ ọ́ fún yín, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ní bi yín pé kí lẹ rí.

Ọmọ àná, mo kọ̀wé sí i ní kọ̀rọ̀, mo ní kó má tíì tẹ nǹkan kan, kí ló rí tó fi pè wọ́n ní dúplíkéètì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà ò ní query ẹ̀ ni?" Mi ò bínú. Mo ní kó ka row inú tábìlì nìkan, láìsí JOIN, kó wá ka ti report. Ó dákẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin.

"Ẹ̀gbọ́n, 1,208 ló wà nínú tábìlì. 1,391 ló wà nínú report. Àná ni mo so tábìlì àdírẹ́sì mọ́ ọn."